Ìtànṣán, Ẹ̀tù àti Ọ̀sà: Níbo Ni Agbára Ohun Ìjà Ti Ń Wá?

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì ló pè mí. Wọ́n ní kí n wá to oríṣiríṣi ìbọn ìtànṣán tí ọmọ ogun ọjọ́ iwájú lè máa lò lẹ́sẹẹsẹ fún wọn. N óò tò wọ́n, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọ̀ iná tó ń jáde lẹ́nu ìbọn ni n óò wò. Ibi tí agbára rẹ̀ ti wá, ibi tí wọ́n kó o pamọ́ sí, àti ohun tó máa là kọjá kó tó ba ẹni tí wọ́n yìn ín sí, àwọn ni mo fi ń dá ohun ìjà mọ̀. Ìlú Èkó yìí gan-an ló kọ́ mi.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, Ọba Kòsọ́kọ́ ló wà ní Ìgà Ìdúngànràn, ààfin ọba Èkó. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti kọ́kọ́ wá jà ní ìparí oṣù Kọkànlá, àwọn ará Èkó sì ti lé wọn padà. Ọjọ́ kejì Kérésìmesì ni wọ́n tún dé. Penelope, ọkọ̀ ogun ńlá wọn, kò lè kọjá yanrìn ẹnu ọ̀sà, ìta ló dúró sí. Bloodhound àti Teazer, tí ẹ̀rọ olómi-híhó ń wà, ló wọlé pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kéékèèké. Èkó náà ò sùn. Wọ́n ti ri òpó mọ́ inú omi, wọ́n ti gbẹ́ yàrà, wọ́n ti to àgbá sí etí ọ̀sà. Teazer fi ìdí gúnlẹ̀ lórí yanrìn níbi tí àgbá Kòsọ́kọ́ ti lè bà á. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó kú níbẹ̀ lé ní mẹ́wàá, àwọn tó fara gbọgbẹ́ sì ju ọgọ́ta lọ. Kò rọrùn fún wọn rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé mìíràn máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé wọ́n kàn wọlé ni.

Ọjọ́ kejì ìjà náà ni rọ́kẹ́ẹ̀tì ṣe bẹbẹ. Congreve ni wọ́n ń pè é: ẹ̀tù tí wọ́n kì sínú agolo irin, tí wọ́n wá so ọ̀pá gbọọrọ mọ́ kó má baà máa yí kiri lójú òfuurufú. Lára àwọn ará Mysore ní Íńdíà, tí wọ́n ti fi irú rẹ̀ bá Gẹ̀ẹ́sì jà rí, ni William Congreve ti rí ọgbọ́n náà. Ohun ìjà tí kì í gbọ́ràn ni. Ẹni tó yìn ín gan-an kì í lè fi gbogbo ẹnu sọ ibi tó máa balẹ̀ sí. Ọ̀kan nínú wọn balẹ̀ sí ilé Oṣòdì Tápà, balógun Kòsọ́kọ́. Òrùlé gbiná, iná ràn mọ́ ilé kejì, ó ràn mọ́ ìkẹta, ilé ẹ̀tù sì bú gbàmù. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù, Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ti fi ìlú sílẹ̀. Ogun yẹn náà ni àwọn àgbà Èkó ń pè ní Àgídìǹgbì, tí wọ́n tún ń pè ní Ahóyaya.

Ẹ bá mi wò ó dáadáa. Iná díẹ̀ ni rọ́kẹ́ẹ̀tì gbé wá. Èyí tó pọ̀ jù nínú agbára tó ba ìlú jẹ́, ìlú fúnra rẹ̀ ló kó o jọ síbẹ̀, láti fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí ẹ̀yin òǹkọ̀wé máa ń gbàgbé nìyẹn. Bí ìbọn akọni yín bá lè la irin sí méjì, ó di dandan kí bátìrì rẹ̀ ru agbára tó lè la irin sí méjì. Ọta kan ṣoṣo tó bá bá bátìrì yẹn, ilé ẹ̀tù Kòsọ́kọ́ ló tún dé.

Ẹ jẹ́ ká wá tò wọ́n. Lésà ló ṣáájú, nítorí ó ti kúrò nínú ìtàn. Láti ọdún 1898 tí H.G. Wells ti fún àwọn ará Mars ní ìtànṣán ajóni nínú ìwé rẹ̀ ni ayé ti ń retí rẹ̀. Ní 2014, àwọn ológun ojú omi Amẹ́ríkà gbé ọ̀kan sórí ọkọ̀ USS Ponce, agbára rẹ̀ jẹ́ 30 kìlówáàtì. Nígbà tí iná mànàmáná kọ́kọ́ dé Èkó ní 1896, gbogbo ohun tí ẹ̀rọ Màrínà lè mú jáde kò ju 60 kìlówáàtì lọ. Lésà kì í sì í sọ gbogbo iná tó bá jẹ di ìmọ́lẹ̀. Púpọ̀ rẹ̀ ló ń di ooru lásán. Ká ní ìdá kan nínú mẹ́rin ló rí mú jáde, 120 kìlówáàtì ni yóò jẹ, ìlọ́po méjì iná tí gbogbo Èkó ìgbà náà ní. Ẹ wá kọ ìtàn tí akọni ti ń yin lésà láti òkè ilé ní Ìdúmọ̀tà, ẹ ò sì sọ jẹnẹrétọ̀ tó ń lò fún wa!

Afẹ́fẹ́ tún ń bẹ níbẹ̀. Kùrukùru àárọ̀ lórí ọ̀sà, eruku ọyẹ́, èéfín ọjà, gbogbo wọn ló ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì, tí wọ́n sì ń fọ́n ọn ká. Lésà tó lágbára gan-an tilẹ̀ máa ń mú afẹ́fẹ́ tó ń là kọjá gbóná, afẹ́fẹ́ gbígbóná náà á sì fọ́n ìtànṣán ká kó tó débi tó ń lọ. Oṣù Kejìlá tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì yàn wá jà, oṣù ọyẹ́ ni. Àgbá ò bẹ̀rù ọyẹ́. Lésà bẹ̀rù rẹ̀.

Èkejì ni ìgbì máíkírówéèfù. Amẹ́ríkà ní ọ̀kan tó ń mú awọ ara gbóná débi pé ènìyàn á sá láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì, bẹ́ẹ̀ kì í wọ ara tó ìdajì mìlímítà. Wọ́n gbé e lọ sí Afghanistan ní 2010, wọ́n tún gbé e padà wálé láìlò ó. Ní tèmi, èyí ni mo bẹ̀rù jù fún ìlú tí ọ̀nà rẹ̀ há bí ti Ìsàlẹ̀ Èkó, nítorí kò mọ oníjàgídíjàgan yàtọ̀ sí ìyá tó ń ta ata, ẹni tí èrò sì há mọ́ kò ríbi sá sí. Ìkẹta ni ìtànṣán àwọn ẹ̀yà átọ́ọ̀mù; wọ́n dán an wò nínú òfuurufú lókè lọ́hùn-ún ní 1989, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ayé kì í jẹ́ kó rìn jìnnà. Ìbọn plasma tí ẹ fẹ́ràn jù, ẹ má bínú, irọ́ tó dùn ni. Kó tó kúrò lẹ́nu ìbọn tán ló ti fọ́n ká, tó sì ti tutù.

Oríṣi kan ṣẹ́kù tí mi ò rí nínú ìwé yín rí: èyí tí wọn kò yìn. Ní 1861, ọkọ̀ ogun Prometheus wá dúró sí iwájú Èkó, àgbá rẹ̀ dojú kọ ìlú. Àwọn tó rí iná 1851 ṣì wà láàyè, Ọba Dòsùnmú, tó wà lórí oyè nígbà náà, sì mọ ohun tí àgbá lè ṣe. Ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹjọ ló fọwọ́ síwèé tó sọ Èkó di ti Gẹ̀ẹ́sì, láìsí pé wọ́n yin àgbá kan lu ìlú. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kọ ìtàn ohun ìjà yẹn fún wa. Èmi yóò ra ìwé náà.