Ìjàdù Orí Yìnyín: Bí Olórí Ẹgbẹ́ Họ́kì Kan Ṣe Tún Àléébù Rẹ̀ Ṣe

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé àpapọ̀)

  Nígbà tí akọ̀wé ní kí n wá sọ̀rọ̀, ó ní kí n mú ohun tí ó yàtọ̀ wá, nítorí pé ọ̀rọ̀ owó ni à ń sọ láti ìpàdé dé ìpàdé. Mo wá rò ó pé púpọ̀ nínú wa ni ó ní ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ ní Kánádà àti Amẹ́ríkà nísinsìnyí. Bí ẹ bá lọ kí wọn nígbà òtútù, eré tí ẹ ó bá lórí tẹlifíṣọ̀n wọn ni họ́kì orí yìnyín. Ohun kan ṣoṣo nínú eré náà ni mo fẹ́ sọ fún yín lónìí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé eré náà. Omi dídì ni pápá rẹ̀. Ní líìgì ńlá tí à ń pè ní NHL, gígùn pápá náà jẹ́ 200 ẹsẹ̀ bàtà, ìbú rẹ̀ jẹ́ 85. Ènìyàn 6 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa ń ní lórí pápá: aṣọ́lé 1, ẹni ẹ̀yìn 2, ẹni ẹ̀gbẹ́ 2, àti ẹni àárín 1. Bàtà onírin tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń wọ̀, ọ̀pá gígùn ni ó sì wà lọ́wọ́ wọn. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń gbá. Rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ ni, ó fẹ̀ ní ínǹṣì 3, ó nípọn ní ínǹṣì 1.

Ìgbàkígbà tí eré bá dúró, ọ̀nà kan ni wọ́n fi ń tún un bẹ̀rẹ̀. Àmì 9 ni ó wà lórí pápá fún iṣẹ́ yìí. Ẹni àárín ẹgbẹ́ méjèèjì yóò kọjú síra wọn lórí ọ̀kan nínú àwọn àmì náà, wọn yóò tẹ̀ ba, wọn yóò fi ọ̀pá kan yìnyín, rẹfirí yóò sì ju rọ́bà sílẹ̀ láàárín wọn. Ẹni tí ó bá fà á sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀ ni ó jẹ. Face-off ni Òyìnbó ń pè é. Èmi yóò máa pè é ní ìjàdù, nítorí pé ìjàdù gan-an ni. Láyé àtijọ́, rẹfirí a máa gbé rọ́bà kalẹ̀ sáàárín ọ̀pá méjèèjì, ọ̀pá a sì máa bà á lẹ́sẹ̀ àti lọ́wọ́. Rẹfirí ará Kánádà kan, Fred Waghorne, ni a ń yìn fún àṣà jíju rọ́bà sílẹ̀ láti òkè, kí rẹfirí tó yára bọ́ sẹ́yìn.

Ẹlòmíràn lè béèrè pé, kí ni ìjàdù kékeré yìí já mọ́? Ẹ gbọ́ ná. Bí eléré kan bá ṣẹ̀, wọ́n lè mú un jókòó fún ìṣẹ́jú 2, kí ẹgbẹ́ rẹ̀ máa fi ènìyàn 5 bá 6 jà. Ìjàdù ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ìṣẹ́jú 2 náà. Bí àwọn tí ó pọ̀ jù bá pàdánù rẹ̀, àwọn tí kò pé yóò gbá rọ́bà lọ sí òpin pápá lọ́hùn-ún, ìgbà tí wọn yóò fi lọ wá a bọ̀, àǹfààní ti ń ṣòfò. Tàbí kí ẹgbẹ́ kan gbá rọ́bà láti apá tiwọn lọ sí òpin pápá nítorí pé ó ti rẹ̀ wọ́n. Òfin ní kí wọ́n dá a padà wá sí ìtòsí aṣọ́lé wọn fún ìjàdù, wọn kò sì gbọdọ̀ pààrọ̀ àwọn tí ó ti rẹ̀ náà. Bí wọ́n bá tún pàdánù ìjàdù yẹn, ewu dé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wo ìwé owó, ẹ bá mi ṣírò. Ìjàdù bí 60 ni ó máa ń wà nínú eré kan. Ẹ jẹ́ kí á sọ pé ẹni àárín kan ń ṣe 20 nínú rẹ̀. Bí ó bá ń jẹ 45 nínú 100, yóò jẹ 9. Bí ó bá ń jẹ 55 nínú 100, yóò jẹ 11. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 2 péré. Ẹni tí ó jókòó nínú èrò kò ní mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣe eré 82 nínú sáà kan, 2 lọ́nà 82 jẹ́ 164. Ìgbà 164 ni rọ́bà yóò wà lọ́wọ́ tiwa dípò kí ó wà lọ́wọ́ ọ̀tá. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ẹgbẹ́ tí mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ ni Pittsburgh Penguins, ní Amẹ́ríkà. Sidney Crosby, ọmọ Kánádà, dara pọ̀ mọ́ wọn ní 2005 nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 18. Ní 2007 wọ́n fi ṣe olórí ẹgbẹ́, kò ì tíì pé 20 ọdún. Gbogbo ayé ni ó mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ yá. Ṣùgbọ́n ní sáà rẹ̀ àkọ́kọ́, kò tó 46 nínú 100 ìjàdù tí ó jẹ. NHL ti ń ka ìjàdù sínú àkọsílẹ̀ láti sáà 1997 sí 1998, nítorí náà kò sí ibi tí yóò fi àléébù rẹ̀ pamọ́ sí.

Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà 2009, ẹgbẹ́ yìí bá Detroit Red Wings ṣe eré keje, èyí tí ó parí ìdíje fún ife-ẹ̀yẹ Stanley. Ní Detroit ni wọ́n ti ṣe é. Crosby ti farapa ní orúnkún, orí bẹ́ǹṣì ni ó wà nígbà tí eré ń lọ sópin. Penguins ní gólù 2, Detroit ní 1. Ó ku bí ìṣẹ́jú àáyá 6, ìjàdù sì wà ní ẹ̀gbẹ́ aṣọ́lé Penguins. Rọ́bà bọ́ sọ́wọ́ Detroit. Wọ́n gbá a, aṣọ́lé Marc-Andre Fleury dá a padà, ó ta sọ́dọ̀ Nicklas Lidstrom, ìyẹn náà gbá a, Fleury sì fò sílẹ̀ gbalaja, ó fi ara dí i. Aago lù. Ife di ti Penguins. Ó ku díẹ̀ kí iṣẹ́ ọdún kan bọ́ lọ́wọ́ wọn láti orí ìjàdù kan.

Ẹni tí ó ti gba ife lè lọ sùn. Crosby kò sùn. Ní ìsinmi ọdún náà, ìjàdù wà lára ohun tí ó gbájú mọ́. Ní sáà 2009 sí 2010, ó jẹ bí 56 nínú 100. Ní sáà kan náà ó gbá gólù 51, bẹ́ẹ̀ 39 ni ó pọ̀ jù tí ó ti gbá rí ní sáà kan ṣáájú ìgbà náà. Òun àti Steven Stamkos ti Tampa Bay ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn ẹni tí gólù rẹ̀ pọ̀ jù.

Kí ni wọ́n ń kọ́ nínú ìjàdù? Kì í ṣe oògùn. Èkíní ni ìdúró: kí ẹsẹ̀ ya, kí ara wà nílẹ̀, kí ọwọ́ ìsàlẹ̀ sún mọ́ yìnyín lórí ọ̀pá. Èkejì ni ojú: ọwọ́ rẹfirí ni kí ó máa wò, kì í ṣe ojú ọ̀tá. Ẹ̀kẹta ni kí ó mọ ẹni tí ó dojú kọ, bóyá ọlọ́wọ́ òsì ni tàbí ọlọ́wọ́ ọ̀tún, nítorí ibi tí oníkálukú ń fà á sí yàtọ̀ síra.

Ẹ̀kẹrin ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn jù. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni rọ́bà kì í lọ síbì kankan. Yóò há sáàárín ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì. Ẹni ẹ̀gbẹ́ tí ó bá yára wọlé gbé e ni yóò pinnu ẹni tí ó jẹ. Orúkọ ẹni àárín ni wọn yóò kọ sínú ìwé, ẹni ẹ̀gbẹ́ kò ní rí orúkọ tirẹ̀ níbẹ̀, síbẹ̀ òun ni ó ṣe é. Bẹ́ẹ̀ sì ni bí ẹni àárín bá fẹ́ ṣe màgòmágó, tí ó sáré gbé ọ̀pá kí rọ́bà tó bọ́, rẹfirí yóò lé e kúrò, ẹlòmíràn nínú ẹgbẹ́ yóò sì bọ́ sí ipò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Nítorí náà kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ìjàdù kò kan òun. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

N kò ní parọ́ fún yín o. Ní ọdún 2010 tí olórí wọn jẹ ìjàdù jù ti àtẹ̀yìnwá lọ, Penguins kò gba ife. Montreal Canadiens lé wọn jáde ní ìpele kejì, lẹ́yìn eré 7. Ẹni tí ó jẹ ìjàdù kò ì tíì gbá gólù. Àyè ni ó gbà. Bí àwọn tí ó kù kò bá lo àyè náà, òfo ni. Ọdún 2016 ni wọ́n tó tún rí ife gbà, wọ́n sì gbà á tẹ̀lé e ní 2017, Crosby yìí kan náà sì ni olórí wọn.

Ohun tí ó wú mi lórí nínú ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí ni pé ibi tí ọwọ́ rẹ̀ kò gbé dáa ni ó lọ. Ọ̀pọ̀ wa, ibi tí a ti mọ̀ ọ́n ṣe ni à ń ṣe lọ, nítorí pé ibẹ̀ ni a ti ń gba ìyìn. Òun wo ìwé àkọsílẹ̀, ó rí 46 tí kò pé, kò bá ẹni tí ó kọ ọ́ jà. Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó tẹ̀ ba.

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ yín lọ́hùn-ún, tí ẹ bá wọn jókòó ti eré náà, ẹ má wo gólù nìkan. Ẹ wo ìgbà tí rẹfirí bá na ọwọ́, tí àwọn méjì bá tẹ̀ ba. Kí ẹ sì wo àwọn ẹni ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú.