Ta Ni Ó Sọ Ọ́? Ọ̀rọ̀ Lórí Ìròyìn, Ojúsàájú àti Òtítọ́

Àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọ̀dọ́ sọ níbi ìpàdé wọn

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Ọba Àṣàkẹ́ ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Olúwa gbogbo ẹ̀dá, Ẹni tí Òtítọ́ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn orúkọ Rẹ̀. Ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, ẹni tí àwọn ará Mẹ́kà ti ń pè ní Olódodo kí iṣẹ́ òjíṣẹ́ tó dé bá a, àti àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàábé rẹ̀ lápapọ̀.



Ohun tí ó bí ọ̀rọ̀ òní ni ìbéèrè kan tí ọmọ wa kan, tí ó ń kọ́ nípa iṣẹ́ ìròyìn ní yunifásítì, gbé tọ̀ mí wá lẹ́yìn ìrun Alásárì. Ó ní: "Bàbá, olùkọ́ wa ti fi yé wa pé kò sí ìròyìn kan tí kò ní ojúsàájú nínú, àti pé ohun tí a ń pè ní òtítọ́, ọ̀rọ̀ ẹni tí ó lágbára ni. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni ó wá mú hádíìsì yàtọ̀? Ṣebí ènìyàn ni ó gbé òun náà dé ọ̀dọ̀ wa?" Àwọn tí ó wà níbẹ̀ fẹ́ bá a wí, wọ́n ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ti fẹ́ yẹ̀ nínú ẹ̀sìn. Èmi kò bá a wí. Mo rí i lójú rẹ̀ pé kì í ṣe àríyànjiyàn ni ó bá wá. Ẹ̀rù ni ó ń bà á. Mo ní kí ó fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ìdáhùn náà ni mo mú wá síwájú gbogbo yín lónìí, nítorí mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ń jẹ lọ́kàn.

Ojúsàájú wà lóòótọ́

Ní àkọ́kọ́ ná, ẹ jẹ́ kí a gba ohun tí ó jẹ́ òtítọ́ nínú ọ̀rọ̀ olùkọ́ náà. Ìròyìn kì í rọ̀ láti ojú sánmà bí òjò. Ènìyàn ni ó ń ṣà á. Ènìyàn ni ó ń sọ pé kí èyí wà ní ojú ìwé kìn-ín-ní, kí tọ̀hún lọ sẹ́yìn, kí òmíràn má tilẹ̀ jáde rárá. Ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá, Ìwé Ìròhìn, tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859, ọwọ́ àwọn míṣọ́nnárì ni ó ti jáde. Ó mú kí àwọn ènìyàn wa fẹ́ràn ìwé kíkà, a kò sì gbọdọ̀ sẹ́ oore yẹn. Ṣùgbọ́n ojú tí ó fi wo ayé, ojú àwọn tí ó ni ín ni.

Ní ọdún 1988, àwọn ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà méjì, Edward Herman àti Noam Chomsky, kọ ìwé kan tí wọ́n pè ní Manufacturing Consent. Tíọ́rì wọn ni pé kí ìròyìn tó dé etí aráàlú, ó ti gba inú asẹ́ márùn-ún kọjá: àwọn olówó tí ó ni iléeṣẹ́ ìròyìn, àwọn tí ń san owó ìpolówó ọjà, àwọn aláṣẹ tí akọ̀ròyìn gbára lé fún ọ̀rọ̀, ìhàlẹ̀ àti ìyọlẹ́nu tí ń bá ẹni tí ó bá kọ ohun tí àwọn alágbára kò fẹ́, àti ìbẹ̀rù ọ̀tá kan tí gbogbo ìlú ti gbà ní ọ̀tá. Ní ìgbà náà, àwọn Kọ́múníìsì ni ọ̀tá ọ̀hún. Ohun tí ó bá jáde láti inú asẹ́ wọ̀nyí ni wọ́n ń bù fún wa mu. Ṣáájú wọn, ní 1981, Edward Said, ọmọ Palẹstínì tí a bí sínú ìdílé onígbàgbọ́ ní Jerúsálẹ́mù, ti kọ Covering Islam. Ó ṣàlàyé nínú rẹ̀ bí àwọn oníròyìn ilẹ̀ Òyìnbó ṣe ń kó ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè àti ẹ̀yà sínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "Ìsìláàmù", bí ẹni pé orí kan ni gbogbo wa fi ń ronú.

Ẹ rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Oklahoma City ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 19 oṣù kẹrin ọdún 1995. Bọ́ǹbù wó ilé ìjọba kan, ènìyàn 168 kú, ọmọdé 19 sì wà nínú wọn. Kí eruku tó rọlẹ̀, àwọn iléeṣẹ́ amóhùnmáwòrán ti ń mú àwọn tí wọ́n pè ní onímọ̀ wá, tí wọ́n ń sọ pé iṣẹ́ náà jọ ti àwọn ará ilẹ̀ Lárúbáwá. Wọ́n dá ọmọ Amẹ́ríkà kan tí a bí ní Jọ́dánì dúró ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì dá a padà láti lọ jẹ́jọ́ ẹnu. Kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Ẹni tí ó ṣe é ni Timothy McVeigh, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó ti jagun fún ìlú rẹ̀ nínú Ogun Gulf. Ta ni ó wá sọ pé Mùsùlùmí ni? Bí a bá tọ ọ̀rọ̀ náà dé gbòǹgbò, a kò ní bá ẹnì kan tí ó fojú rí nǹkan níbẹ̀. "Wọ́n ní" àti "ó jọ bẹ́ẹ̀" nìkan ni a ó bá.

Ǹjẹ́ kò wá sí òtítọ́ ni?

Ibi tí èmi àti olùkọ́ náà ti pínyà rè é. Àwọn onímọ̀ fìlọ́sọ́fì kan rí ojúsàájú yìí, wọ́n sì ti ibẹ̀ fò sórí pé òtítọ́ fúnra rẹ̀ kò sí mọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń gbọ́ orúkọ Jean Baudrillard, ará Faransé, ẹni tí ó kọ ọ́ ní 1991 pé Ogun Gulf kò ṣẹlẹ̀. Kí a má purọ́ mọ́ ọn: kò sọ pé ẹnikẹ́ni kò kú. Ohun tí ó ń wí ni pé ohun tí ayé jókòó wò lórí amóhùnmáwòrán, àwòrán tí a ti ṣètò ni, kì í ṣe ogun gan-an. Ọgbọ́n wà nínú èyí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi àwọn tí ń gbé ọ̀rọ̀ náà kiri léèrè: bí kò bá sí ogun gidi, báwo ni a ṣe mọ̀ pé àwòrán yàtọ̀ sí i? Ẹni tí kò mọ náírà gidi kò lè dá ayédèrú mọ̀.

Ní ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 1991, bọ́ǹbù Amẹ́ríkà bọ́ sórí ibi ìsádi kan ní Amiriyah ní ìlú Baghdad. Àwọn ará ìlú tí ó kú síbẹ̀ lé ní 400, obìnrin àti ọmọdé ni ó sì pọ̀ nínú wọn. Ìyá tí ó sin ọmọ rẹ̀ ní ọjọ́ yẹn mọ̀ pé ohun kan ṣẹlẹ̀. Ẹni tí ó bá sọ fún un pé kò sí òtítọ́, ó ti gba ohun ìjà kan ṣoṣo tí ó kù lọ́wọ́ ẹni tí a rẹ́ jẹ. Bí kò bá sí òtítọ́, kò sí irọ́; bí kò bá sí irọ́, kò sí ẹni tí a purọ́ mọ́, alágbára sì ti jàre láìjẹ́jọ́.

Ìwọ ọmọ wa, má ṣe rò pé ìwọ ni iyèméjì kọ́kọ́ bá. Ìmámù al-Ghazali, ẹni tí ó kú ní 1111, kọ ọ́ sílẹ̀ nínú al-Munqidh min al-Dalal pé òun wà nínú irú rẹ̀ fún bí oṣù méjì, débi pé òun kò gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí ojú òun rí pàápàá. Ó ní ìmọ́lẹ̀ tí Ọlọ́hun fi sí òun láyà ni ó yọ òun. Bí iyèméjì bá mú ọ wádìí, àǹfààní ni. Bí ó bá mú ọ jókòó tẹtẹrẹ, àdánù ni.

Ọ̀nà tí Ìsìláàmù là sílẹ̀

Nínú Súrà Hujurat, ààyá kẹfà, Ọlọ́hun pa á láṣẹ pé kí a wádìí ìròyìn kí a tó gbé ìgbésẹ̀ lé e lórí, Ó sì kìlọ̀ àbámọ̀ tí ń bẹ lẹ́yìn àìwádìí. Àwọn onítúmọ̀ sọ pé ìdí rẹ̀ ni ìròyìn èké kan tí ẹni tí Ànábì rán lọ gba sàká lọ́wọ́ ẹ̀yà Banu Mustaliq mú bọ̀, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ogun sílẹ̀ láàárín Mùsùlùmí àti Mùsùlùmí.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ èké tí wọ́n sọ mọ́ ìyá wa Aisha. Kì í ṣe ọ̀tá nìkan ni ó gbé e kiri. Mistah, ìbátan bàbá rẹ̀, wà níbẹ̀; Hassan akéwì wà níbẹ̀. Ìlú Mẹ̀dínà gbóná fún bí oṣù kan, títí Súrà Nur fi sọ̀kalẹ̀ tí ó wẹ̀ ẹ́ mọ́, tí ó sì bá àwọn onígbàgbọ́ wí pé kí ni kò jẹ́ kí wọ́n béèrè ẹlẹ́rìí. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ tí gbogbo ìlú ń sọ lè jẹ́ irọ́, òdodo ẹnì kan ṣoṣo sì lè dúró ní abẹ́ rẹ̀.

Nísinsìnyí, kí ni ó mú hádíìsì yàtọ̀? Àwọn aṣíwájú wa ti béèrè rẹ̀ kí a tó bí olùkọ́ náà. Wọn kò sẹ́ pé àwọn kan hun irọ́ mọ́ Ànábì lẹ́nu, nítorí òṣèlú, nítorí ẹ̀yà, tàbí kí ọ̀rọ̀ oníwàásù lè dùn. Ibn al-Jawzi, ẹni tí ó kú ní 1201, kó irú irọ́ bẹ́ẹ̀ jọ sínú odidi ìwé, kí aráyé lè mọ̀ wọ́n. Ìdí tí isnad fi wà nìyẹn: ta ni ó sọ ọ́? Lọ́dọ̀ ta ni ó ti gbọ́ ọ? Ǹjẹ́ àwọn méjèèjì pàdé rí? Ǹjẹ́ ó máa ń gbàgbé? Apá wo ni ó ń ṣe? Wọ́n kọ orúkọ sílẹ̀, wọ́n kọ àléébù sílẹ̀, ti ènìyàn rere pàápàá. Wọ́n sì pín hádíìsì sí ìpele: èyí tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀, èyí tí ó dára, àti èyí tí kò lágbára. Ẹ fi èyí wé "orísun kan tí kò fẹ́ kí a dárúkọ òun". Nígbà mìíràn akọ̀ròyìn lè fi orúkọ pamọ́ kí ẹ̀mí ẹnì kan má baà bọ́, a gbà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí kò ní olúwa, òṣùwọ̀n rẹ̀ gbọ́dọ̀ fúyẹ́.

Ibn Khaldun, ẹni tí a bí ní Tunis ní 1332, tún fi ẹsẹ̀ kan kún un nínú Muqaddimah tí ó kọ ní 1377. Ó ka ohun tí ń mú irọ́ wọ inú ìròyìn: kí ènìyàn máa ṣègbè lẹ́yìn ìjọ tirẹ̀, kí ó gba ẹni tí ó sọ̀rọ̀ gbọ́ ju bí ó ti yẹ, kí ó má mọ ète ohun tí ó rí, kí ó máa pọ́n àwọn ẹni ńlá. Ó ní ó yẹ kí a bi ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ bóyá ó lè rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó ka iye tí àwọn òpìtàn sọ pé ọmọ ogun Ànábì Musa jẹ́, tí ó lé ní 600,000, ó béèrè ilẹ̀ wo ni ó lè gba irú ogun bẹ́ẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé ìṣègbè, tí Herman àti Chomsky ń sọ ní 1988, ni Ibn Khaldun fi ṣe àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n òun kò ti ibẹ̀ dé ibi pé kò sí òtítọ́. Òṣùwọ̀n ni ó wá.

Àwa náà ńkọ́?

Bí mo bá dúró níbí, inú yín yóò dùn, ṣùgbọ́n mo ti rẹ́ yín jẹ. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1990, ọmọbìnrin ọdún 15 kan dúró níwájú àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà, ó ń sunkún pé òun rí àwọn sójà Ìráàkì tí wọ́n ń yọ àwọn ọmọ ìkókó kúrò nínú ẹ̀rọ tí ń mú ọmọ móoru ní Kùwéètì. Ọ̀rọ̀ yẹn wà lára ohun tí wọ́n fi ti ogun lẹ́yìn. Ní 1992 ni aráyé tó mọ̀ pé ọmọ aṣojú Kùwéètì ní Amẹ́ríkà ni, àti pé iléeṣẹ́ ìpolówó kan tí a sanwó fún ni ó bá wọn ṣètò rẹ̀. Ìwà ìkà Ìráàkì ní Kùwéètì kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rí kankan kò gbe ìtàn yẹn lẹ́sẹ̀. Mùsùlùmí ni ó pa á, Mùsùlùmí sì wà nínú àwọn tí ó jìyà rẹ̀.

Èmi tí mo ń bá yín sọ̀rọ̀ ńkọ́? Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ní òwúrọ̀ Jímọ̀ kan, ẹnì kan fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi pé ní ìlú kan tí kò jìnnà sí wa, wọ́n lu àwọn ọmọbìnrin wa, wọ́n sì já ìbòrí wọn. Àwòrán wà pẹ̀lú rẹ̀. Inú bí mi, mo gun mínbárì, mo sọ ọ́. Bí a ti kírun tán, àwọn ọ̀dọ́ ti kó ara wọn jọ, wọ́n ní àwọn ń lọ sí ìlú náà. Bàbá àgbàlagbà kan tí kò kàwé dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́sáláṣí, ó ní: "Lẹ́mọ́mù, ta ni ó sọ fún yín?" N kò rí ọ̀rọ̀ sọ. A pe Lẹ́mọ́mù ìlú náà. Ó ní kò sí ohun tí ó jọ bẹ́ẹ̀. Àwòrán yẹn, orílẹ̀-èdè mìíràn ni wọ́n ti yà á, ó sì ti pẹ́. Èmi tí mo ti kọ́ ènìyàn ní ìmọ̀ hádíìsì fún ohun tí ó lé ní ogún ọdún, n kò béèrè isnad, nítorí ọ̀rọ̀ náà bá inú mi mu. Ní Jímọ̀ tí ó tẹ̀ lé e, mo gun mínbárì kan náà, mo sọ fún ìjọ pé irọ́ ni mo gbé fún wọn. Ojú tì mí. Ṣùgbọ́n bí kì í bá ṣe bàbá yẹn, bóyá ẹ̀jẹ̀ ni à bá máa sọ lónìí.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ di nǹkan mẹ́rin mú. Èkíní, kí ẹ tó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, ẹ béèrè ta ni ó sọ ọ́, ibo ni ó wà nígbà tí ó ṣẹlẹ̀. Ní òde òní tí ẹ̀rọ lè ya àwòrán ohun tí kò ṣẹlẹ̀, tí ó sì lè ṣe ohùn ẹni tí kò sọ̀rọ̀, ojú rí i nìkan kò tó mọ́. Èkejì, ẹ gbọ́ tẹnu ẹnìkejì, nítorí agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ̀kẹta, òṣùwọ̀n tí ẹ fi wọn ìròyìn tí ó bà yín nínú jẹ́ ni kí ẹ fi wọn èyí tí ó dùn mọ́ yín. Súrà Maida ti kọ̀ fún wa pé kí ìkórìíra mú wa ṣe àìṣòdodo. Ẹ̀kẹrin, bí ẹ bá ti ṣìnà, ibi tí ẹ ti sọ irọ́ ni kí ẹ ti tún un ṣe.

Kí ọmọ wa má sì ṣe fi ẹ̀kọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Kí ó kọ́ tíọ́rì wọn dáadáa, kí ó wọ iléeṣẹ́ ìròyìn, kí ó sì gbé ìbéèrè bàbá yẹn lọ síbẹ̀. Kí ó jẹ́ ẹni tí Mùsùlùmí àti ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí yóò lè gbára lé ọ̀rọ̀ rẹ̀, bí àwọn ará Mẹ́kà, tí wọn kò tíì gba Ànábì gbọ́, ṣe ń kó ohun ìní wọn fún un pamọ́.

Kí Ọlọ́hun fi òtítọ́ hàn wá ní òtítọ́, kí Ó sì fún wa lágbára láti tẹ̀ lé e. Kí Ó má ṣe fi ahọ́n wa ṣe okùnfà ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni. Kí Ó dárí ohun tí a ti gbọ́ tí a sì ti sọ láìwádìí jì wá. Àmín.