Ẹ̀rọ Íntánẹ́ẹ̀tì Tí A Fi Owó Ara Wa Rà

Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn àgbà tó ń kọ́ ìwé kíkà ní Peckham, ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù

 

Ìyá kan nínú kíláàsì yìí bi mí léèrè pé: "Tísà, ọmọ mi ra ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì tuntun fún mi, nítorí pé èyí tí ilé-iṣẹ́ fún mi kò dé yàrá mi. Ṣé mo lè fi tuntun yìí síbẹ̀ fúnra mi, àbí kí n dúró de ọmọ?" Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ dáhùn lónìí, nítorí mo mọ̀ pé kì í ṣe òun nìkan ló ní in lọ́kàn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ̀rọ yìí ń ṣe. Iṣẹ́ méjì ló wà níbẹ̀. Èkíní ni iṣẹ́ módẹ́mù. Módẹ́mù dà bí ògbufọ̀ ní kóòtù. Wáyà tó wọ ilé ń sọ èdè tirẹ̀. Fóònù àti kọ̀ǹpútà yín ń sọ èdè mìíràn. Módẹ́mù ló ń túmọ̀ fún wọn. Èkejì ni iṣẹ́ ráútà. Ráútà dà bí ọmọ tó ń gba lẹ́tà lẹ́nu ọ̀nà agbo ilé. Gbogbo lẹ́tà, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń kó o lé. Òun ló mọ èyí tó jẹ́ ti yàrá Bàbá àti èyí tó jẹ́ ti yàrá ìyàwó. Bí a bá ṣe méjèèjì pọ̀ sínú àpótí kan, a ń pè é ní módẹ́mù-ráútà.

Kì í ṣe gbogbo ilé ló nílò méjèèjì. Ẹ wo ara ògiri yín. Bí ó bá jẹ́ wáyà tẹlifóònù àtijọ́, èyí tí a fi bàbà ṣe, ló gbé íntánẹ́ẹ̀tì wọlé, ẹ nílò módẹ́mù. Bí ó bá jẹ́ okùn fáíbà tó tín-ín-rín ni, ẹ ó rí àpótí kékeré kan tí wọ́n kàn mọ́ ògiri. Àpótí yẹn ti ń ṣe iṣẹ́ ògbufọ̀. Ráútà nìkan ló kù fún yín láti rà. Bí ó bá sì jẹ́ Virgin Media ló gbé e wá lórí okùn tẹlifíṣọ̀n wọn, ẹ má ra módẹ́mù rárá. Ẹ̀rọ tiwọn ni yóò wà níbẹ̀. Ẹ lè yí i padà kí ó máa ṣe módẹ́mù nìkan, kí ẹ wá so ráútà yín mọ́ ọn. Mo ti rí ẹni tó fi owó gidi ra ohun tí ilé rẹ̀ kò lè lò.

Kí ẹ sì tó ná kọ́bọ̀ kan, ẹ gbé ẹ̀rọ àtijọ́ kúrò lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n ná. Ẹ gbé e sí ibi gíga, ní gbangba. Nígbà mìíràn, ìyẹn nìkan ti tó.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fetí sí gidigidi kí ẹ tó yọ wáyà kankan. Ní orílẹ̀-èdè yìí, wọ́n ti pinnu láti ti ètò tẹlifóònù àtijọ́ pa, oṣù kìíní ọdún 2027 ni wọ́n sì fi sí òpin rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ni wọ́n ti yí tẹlifóònù wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn ráútà ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ki wáyà tẹlifóònù bọ̀. Bí ẹ bá yọ ráútà yẹn, tí ẹ fi tiyín síbẹ̀, tẹlifóònù lè dákẹ́, ẹ kò sì ní mọ̀ títí ẹ ó fi fẹ́ pe ènìyàn. Màmá àgbà tó ń dá gbé, tó jẹ́ pé tẹlifóònù ilé ló fi ń pe 999, tàbí tó so bọ́tìnì mọ́ ọrùn, èyí tí à ń tẹ̀ bí a bá ṣubú, kí ni yóò ṣe? Nítorí náà, ẹ tọ wáyà tẹlifóònù náà lọ pẹ̀lú ọwọ́ yín. Bí ó bá wọ inú ògiri, ó dára. Bí ó bá wọ ẹ̀yìn ráútà, ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ pe ilé-iṣẹ́ kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Bí ọmọ bá ń kánjú, ẹ sọ fún un pé Tísà ní kí ó dúró.

Ẹ wá mú lẹ́tà ilé-iṣẹ́. Ibí yìí gan-an ni ìwé tí a ń kọ́ ti wúlò. Nínú lẹ́tà yẹn, orúkọ kan wà àti páásíwọ́ọ̀dù kan. Kì í ṣe orúkọ yín. Orúkọ tí ẹ̀rọ yóò fi kan ìlẹ̀kùn ilé-iṣẹ́ ni. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan kì í béèrè rẹ̀ rárá. Àwọn oníbàárà BT tó wà lórí wáyà bàbà, orúkọ kan náà ni gbogbo wọn ń lò. Ẹ jẹ́ kí a kà á pọ̀:

bthomehub@btbroadband.com

Kò sí lẹ́tà ńlá níbẹ̀. Kò sí àlàfo. Àmì kan wà láàárín, àmì kan sì wà ṣáájú "com". Ẹ kọ irú ọ̀rọ̀ báyìí sínú ìwé yín, lẹ́tà kan nínú àpótí kan, bí a ti ṣe nígbà tí ẹ ń kọ́ bí a ti ń kọ orúkọ yín. Ẹ ṣọ́ra fún òdo àti lẹ́tà O. Ẹ ṣọ́ra fún 1 àti l. Ẹ̀rọ kì í fojú fo àṣìṣe bí olùkọ́.

Bí ẹ kò bá rí lẹ́tà náà, ẹ pè wọ́n, kí ẹ béèrè ohun tí ráútà tí ẹ rà fúnra yín yóò lò. Ẹ má ka páásíwọ́ọ̀dù sókè ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe.

Ẹ ki wáyà ògiri bọ ihò tí wọ́n kọ DSL sí. Bí tẹlifóònù bá ń bá a lo ihò ògiri kan náà, ẹ fi fílítà sí i. Ẹ tan ẹ̀rọ náà. Ẹ wo abẹ́ rẹ̀: ẹ ó rí nọ́ńbà bíi 192.168.1.1. Òkè pátápátá, níbi tí à ń kọ àdírẹ́sì sí, ni kí ẹ kọ ọ́ sí, kí í ṣe inú àpótí tí à ń fi wá nǹkan. Ojú ìwé kan yóò ṣí. Ẹ yan orílẹ̀-èdè, ẹ kọ orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù. Bí ó bá jẹ́ VDSL lórí wáyà Openreach, tí ẹ̀rọ sì béèrè nọ́ńbà VLAN, 101 ni. Bí ó bá jẹ́ ADSL àtijọ́, tí ó béèrè VPI àti VCI, 0 àti 38 ni.

Ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Iná méjì ni kí ẹ máa wò: iná DSL àti iná Internet. Bí iná DSL bá ń ṣẹ́jú tí kò dúró, ẹ yẹ wáyà àti fílítà wò. Bí iná DSL bá dúró ṣinṣin, ṣùgbọ́n tí iná Internet kò tàn, ẹ fi wáyà sílẹ̀, wáyà kò ṣẹ̀. Inú ohun tí ẹ kọ ni àṣìṣe wà. Ẹ padà sí ìwé yín, kí ẹ fi ìka tọ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ṣe máa pa á, kí ẹ máa tàn án léraléra. Ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ wáyà lẹ́yìn òde lè rò pé wáyà yín ti bàjẹ́, kí ó sì dín eré rẹ̀ kù.

Bí ó bá ti ṣiṣẹ́, ẹ yí páásíwọ́ọ̀dù ẹ̀rọ náà padà lọ́jọ́ náà gan-an. Láti ọjọ́ 29 oṣù kẹrin ọdún 2024, òfin Bìrìtìkó ti ka páásíwọ́ọ̀dù tó rọrùn láti mọ̀, bíi "admin", léèwọ̀ lára ẹ̀rọ tuntun. Ṣùgbọ́n àlòkù inú ọjà kò mọ òfin yẹn.

Ẹ má sọ ráútà ilé-iṣẹ́ nù. Púpọ̀ nínú wọn, yíyá ni wọ́n yá yín, wọ́n lè gba owó rẹ̀ bí ẹ kò bá dá a padà. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá sì kọṣẹ́, tí ẹ pè wọ́n, ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé kí ẹ gbé tiwọn padà síbẹ̀.

Ẹni tí lẹ́tà rẹ̀ kò bá yé, kí ó mú un wá ní Ọjọ́rú. Kí ó bo páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ó tó fi hàn mí.