Àwọ̀ Wo Ló Yẹ Ìlà Ojú Ìwo?

Ọnà fínfín sára ìwo màlúù ni ọ̀rọ̀ wa dá lé, pàápàá bí a ti í yan àwọ̀ fún ìlà tí abẹ́rẹ́ ti fà sílẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ ogun tó jà láàárín 1754 sí 1763, àti àwọn tó ja ogun òmìnira láti 1775, a máa fín orúkọ àti àwòrán ilẹ̀ sára ìwo tí wọ́n ń rọ ẹ̀tù ìbọn sí. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn atukọ̀ Nantucket àti New Bedford tó ń dọdẹ àbùùbùtán ń fín irú ọnà bẹ́ẹ̀ sára eyín rẹ̀. Òun ni wọ́n ń pè ní scrimshaw. Ohun tó wà nítòsí ni wọ́n fi ń kùn ún: íńkì, tàbí dúdú ìdí ìkòkò tí a fi òróró pò.

Kí ló wá mú kí yíyan àwọ̀ le? Ẹ jẹ́ kí a wo ìwo fúnra rẹ̀. Irú ohun tí èékánná wa jẹ́ ni òun náà jẹ́. Bí ojú rẹ̀ kò bá dán, gbogbo ibi tó há ni íńkì yóò wọ̀, àwòrán yóò sì dàrú. Nítorí náà, kí a kọ́kọ́ fi bébà oníyanrìn ha á, kí a dán an, kí a tó fín in. Íńkì a máa tètè gbẹ, ṣùgbọ́n ó lè tàn kọjá ìlà. Ọ̀dà elépo kì í sáré tàn. Àmọ́ ó ń fẹ́ sùúrù kí ó tó gbẹ.

Dúdú ló yẹ ìwo tó funfun. Funfun ló sì yẹ èyí tó dúdú. Ṣùgbọ́n ìwo mélòó ló jẹ́ aláwọ̀ kan? Ọ̀pọ̀ ló funfun nídìí tó sì dúdú lórí. Èrò tèmi ni pé kí a fi àwòrán mọ sí ibi tó funfun, kí a sì lo àwọ̀ kan ṣoṣo. Kí a kọ́kọ́ dán an wò sára àjákù ìwo mìíràn, nítorí àbàwọ́n tó bá ti wọra ṣòroó yọ.

Ìwo àtijọ́ ńkọ́, tí àwọ̀ ìlà rẹ̀ ti ṣí? Àwọn kan a ní kí a tún un kùn kí ó lè hàn. Èmi kò fara mọ́ ọn. Àwọ̀ tó ṣẹ́ kù nínú ìlà ni ẹ̀rí ohun tí oníṣẹ́ náà lò. Bí a bá da íńkì tuntun lé e, a ti pa ẹ̀rí náà rẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀la kò sì ní rí i kà mọ́. Kí a ya fọ́tò rẹ̀, kí a fi ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ wò ó. Ìlà náà yóò hàn.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ kọ́ àwọn ọmọ pé ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.