Abissa ní Grand-Bassam: Ọ̀sẹ̀ tí ará ìlú lè fi orin bá ọba wí, tí kò sì ní di ẹjọ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Treichville, tàbí tí ẹ ní ẹ̀gbọ́n tó ń tajà ní Adjamé, ẹ mọ Bassam. Ibi tí ará Abidjan ń lọ ṣe fàájì ní ọjọ́ Àìkú ni. Wọ́n á wọ ọkọ̀ ní gáréèjì tí wọ́n ń pè ní Gare de Bassam, wọ́n á rin nǹkan bíi 40 kìlómítà sí ìhà ìlà oòrùn, wọ́n á jókòó sí etí òkun, wọ́n á jẹ attiéké pẹ̀lú ẹja yíyan. Bí ilẹ̀ bá ṣú, oníkálukú á padà sílé. Èèyàn lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ogún ọdún kó má sì mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nínú ìlú yẹn láàárín ìparí oṣù Kẹwàá àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá.

Ní àsìkò yẹn, ẹnikẹ́ni lè dìde ní gbangba kó fi orin sọ ohun tó ń dùn ún lọ́kàn. Ó lè kọ ọ́ sí aládùúgbò rẹ̀, ó lè kọ ọ́ sí olóyè, ó lè kọ ọ́ sí ọba pàápàá. Kò sí ẹni tó máa mú un. Abissa ni orúkọ ọdún náà, àwọn N'Zima Kotoko ló ni ín.

Ó yẹ kí ẹ mọ ìlú náà díẹ̀ ná. Nígbà tí àwọn Faransé sọ Côte d'Ivoire di ilẹ̀ àmúnisìn wọn ní 1893, Grand-Bassam ni wọ́n fi ṣe olú-ìlú. Ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ jà níbẹ̀ ní 1899, ó pa òyìnbó púpọ̀, ni wọ́n bá kó ìjọba lọ sí Bingerville lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ló wá dé Abidjan. Àwọn ilé tí wọ́n fi sílẹ̀ ṣì wà ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Quartier France, lórí ilẹ̀ tóóró kan tí òkun wà ní ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀, tí ọ̀sà wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Wọ́n tún àwọn kan ṣe: ààfin gómìnà àtijọ́ ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n kó aṣọ ìbílẹ̀ sí. Igi ti hù jáde lára ògiri àwọn mìíràn. Ní 2012, àjọ UNESCO fi ìlú náà sínú àkójọ ibi àjogúnbá àgbáyé. Ṣùgbọ́n ilé nìkan kọ́ ni wọ́n bá níbẹ̀. Abúlé àwọn N'Zima wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé òyìnbó wọ̀nyẹn, ibẹ̀ sì ni Abissa ti ń wáyé.

Àwọn N'Zima wá láti apá ilẹ̀ tí a mọ̀ sí Ghana lónìí. Àwọn ìbátan wọn ṣì wà lọ́hùn-ún, inú wọn ni Kwame Nkrumah ti jáde. Wọ́n ní irú ọdún yìí níbẹ̀ náà, Kundum ni wọ́n ń pè é, òun náà sì ní orin tí wọ́n fi ń bú èèyàn. Ìtàn tí àwọn ti Bassam ń sọ ni pé ọkùnrin kan ló rí àwọn ẹ̀mí àìrí tí wọ́n ń jó nínú igbó, tí wọ́n sì kọ́ ọ ní ijó náà kó lọ kọ́ àwọn èèyàn rẹ̀. Ìdílé méje ni àwọn N'Zima Kotoko pín sí. Ìdílé Ezohilé ló ń tọ́jú ìlù mímọ́ tí wọ́n ń pè ní edongbolé, kò sì sí Abissa láìsí ìlù yẹn.

Ọdún náà kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ariwo. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìdákẹ́jẹ́. Ìlù wà ní ibi tó fara pamọ́ sí, àwọn èèyàn ń rántí òkú wọn, wọ́n sì ń ro ohun tó ṣẹlẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Ìgbà tí ìlù bá jáde ni ìlú tó yí padà. Ọkùnrin á wọ búláòsì àti síkẹ́ẹ̀tì, á fi nǹkan di ìdí, á kun ètè. Obìnrin á wọ ṣòkòtò. Ẹlòmíràn á múra bí ọlọ́pàá, ẹlòmíràn á di dókítà, ẹlòmíràn á ya wèrè. Wọ́n á fi amọ̀ funfun kun ojú àti ara, ohun tí Yorùbá ń pè ní ẹfun gan-an ni. Agbo ijó á máa yí ìlù ká, ẹni tó bá sì wọ inú agbo náà kì í ṣe èrò ìwòran mọ́.

Orin ni ìdí ọ̀rọ̀. Olóyè tó bá jẹ owó ìlú, ọkọ tó ń na ìyàwó, ọmọ tó lọ sí òkè òkun tó gbàgbé ìyá rẹ̀, gbogbo wọn lè gbọ́ ọ̀ràn ara wọn lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹni tí wọ́n ń kọrin sí kò gbọdọ̀ bínú, kò sì gbọdọ̀ gbẹ̀san. Tí ó bá gbọ́n, á jó sí orin tí wọ́n fi ń bú u. Tí ọdún bá parí, wọ́n á dárí ji ara wọn, wọ́n á fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ níbẹ̀, ọdún tuntun á sì bẹ̀rẹ̀. Ọba náà á jáde, á jókòó láàárín àwọn ìjòyè rẹ̀, á sì jó lójú gbogbo ayé.

Yorùbá tó bá gbọ́ èyí kò ní pẹ́ rántí Òkèbàdàn. Ọjọ́ kan wà nínú ọdún tí ará Ìbàdàn lè kọ orin tí èèyàn kò lè kọ níwájú ìyá rẹ̀ ní ọjọ́ mìíràn, ìlú á sì máa rẹ́rìn-ín. Ní Kétu àti ní Ẹ̀gbádò, òru Ẹ̀fẹ̀ ni. Kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó jó ní ọ̀sán, Ẹ̀fẹ̀ á ti jáde ní òru, á ti sọ ti olè, á ti sọ ti onírẹ́jẹ, á ti sọ ti ẹni tó wà nípò. UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí àjogúnbá aráyé ní 2001. Ìyàtọ̀ kan wà síbẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ ní agbẹnusọ, ẹnì kan ló gbé ìbòjú tó sì ń kọrin fún gbogbo ìlú. Ní Abissa, ẹni tí ọ̀rọ̀ ń dùn ló máa fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ìyẹn le ju ti Ẹ̀fẹ̀ lọ.

Èyí tó yẹ kó jọ àwọn Yorùbá Abidjan lójú jù ni ti Èjìgbò. Kò sí ẹni tó mọ Abidjan tí kò mọ àwọn ará Èjìgbò. Ọkọ̀ ń gbéra láti Èjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lọ tààrà sí Abidjan, Faransé sì ń já geere lẹ́nu àwọn èèyàn kan níbẹ̀ ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ọdún Ògìyán ni ọdún wọn nílé, nígbà iṣu tuntun. Nínú ọdún náà, àwọn ará Ìsàlẹ̀ Òṣolo àti àwọn ará Òkè Mápó máa ń fi àtòrì na ara wọn.

Pierre Verger, ọmọ Faransé tó kọ̀wé púpọ̀ lórí òrìṣà, kọ ìtàn tó wà nídìí ìjà náà sílẹ̀. Ọba Èjìgbò àkọ́kọ́ ní ọ̀rẹ́ kan tó jẹ́ babaláwo, Awoléjẹ̀ lorúkọ rẹ̀. Òun ló ràn án lọ́wọ́ tí ìlú fi dára, lẹ́yìn náà ló rin ìrìn àjò. Nígbà tó padà dé, ìlú ti di ńlá, ọba ti ní ẹ̀ṣọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Awoléjẹ̀ béèrè ọ̀rẹ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń pè é tẹ́lẹ̀: níbo ni ajẹyán wà? Àwọn ẹ̀ṣọ́ ní ó rí ọba fín. Wọ́n lù ú, wọ́n sì tì í mọ́lé. Òjò kò rọ̀ mọ́, àwọn obìnrin kò bímọ mọ́. Ìgbà tí wọ́n dífá ni wọ́n gbọ́ pé aláìṣẹ̀ kan wà ní túbú. Ọba tú u sílẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́. Awoléjẹ̀ gbà, ṣùgbọ́n ó ní kí àwọn ará ìlú máa na ara wọn lọ́dọọdún.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jọra. Ìlú kan bàjẹ́ nítorí pé wọ́n ti ẹni tó pe ọba lórúkọ àwàdà mọ́lé. Ìlú kejì ya ọ̀sẹ̀ kan sọ́tọ̀ tí wọ́n lè pe ọba lórúkọ èyíkéyìí. Ọmọ Èjìgbò tó bá dúró sí ẹ̀gbẹ́ agbo Abissa ní Bassam lè má gbọ́ èdè N'Zima rárá, ṣùgbọ́n kò jìnnà sílé tó bó ṣe rò.

Bassam tún mọ irú ọ̀rọ̀ mìíràn tí wọ́n ń sọ sí aláṣẹ, èyí tí kò ní àwàdà nínú. Ní oṣù Kejìlá 1949, ọgbà ẹ̀wọ̀n Bassam ni ìjọba Faransé kó àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ òṣèlú PDCI sí láì tíì dá ẹjọ́ wọn. Àwọn obìnrin láti Abidjan àti àwọn ìlú mìíràn kóra jọ, wọ́n forí lé Bassam, Marie Koré sì wà lára àwọn tó síwájú. Àwọn sójà dínà mọ́ wọn, wọ́n lù wọ́n, wọ́n sì mú nínú wọn. Àwọn obìnrin náà lo orin àti ijó nínú ìjà wọn, gẹ́gẹ́ bí àwọn obìnrin Abẹ́òkúta ṣe fi orin èébú lé Aláké kúrò lórí ìtẹ́ ní nǹkan bíi ọdún kan ṣáájú wọn. Kò sí ẹni tó ṣèlérí ìdáríjì fún àwọn wọ̀nyí.

Ẹ̀rù tún ti wọ ìlú náà nígbà kan tí kò tíì pẹ́. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta 2016, ọjọ́ Àìkú, àwọn agbébọn yìnbọn sí àwọn tó ń gbafẹ́ létí òkun, wọ́n pa èèyàn 19. Etí òkun náà dá páropáro fún ìgbà pípẹ́. Ìlú tí fàájì ń bọ́ kò lè fara da irú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí náà ó ní ìdí tí inú àwọn olótẹ́ẹ̀lì àti àwọn alásè fi ń dùn bí Abissa bá ń pe èrò ńlá.

Èrò sì ń wá lóòótọ́, láti Abidjan, láti Ghana, láti Yúróòpù. Pèpéle, gbohùngbohùn, ọtí àti orin coupé-décalé ti wá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlù. Kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn. Abidjan fẹ́ràn àríyá. FEMUA, àjọ̀dún orin tí ẹgbẹ́ olórin Magic System dá sílẹ̀ ní Anoumabo ní 2008, ń fi èrò kún àdúgbò lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n ní FEMUA, olórin wà lókè, èrò wà nísàlẹ̀. Bí Abissa bá di bẹ́ẹ̀, tí àwọn N'Zima ń ṣeré tí àlejò ń pàtẹ́wọ́, ta ni yóò ráyè bá olóyè wí?

Èyí tó tún le díẹ̀ ni ti fóònù. Àdéhùn Abissa ní apá méjì: sọ ọ́, kí a sì gbàgbé rẹ̀. Orin tí wọ́n kọ sí ọkùnrin kan ní ọjọ́ ọdún máa ń parí sínú agbo. Ní báyìí, àlejò tí kò mọ̀ ọ́n rí lè ká a sílẹ̀ kó sì gbé e sí Facebook tàbí TikTok. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, àwọn àna ọkùnrin náà lè rí i ní ìlú Paris, níbi tí kò ti sí ìlù, tí kò sì sí ẹni tó máa sọ fún wọn pé wọ́n ti dárí jì í. Apá kìíní àdéhùn náà ṣì dúró ṣinṣin. Apá kejì kò sí lọ́wọ́ ọba tàbí ìdílé Ezohilé mọ́.

Àsìkò náà pàápàá kò dẹrùn. Ìdìbò ààrẹ Côte d'Ivoire bọ́ sí oṣù Kẹwàá ní 2010, ní 2015, ní 2020 àti ní 2025, ó sún mọ́ àsìkò Abissa pẹ́kípẹ́kí. Ìjà tó tẹ̀ lé ti 2010 pa nǹkan bíi 3,000 èèyàn. Ní 2025, orúkọ Laurent Gbagbo àti Tidjane Thiam kò sí nínú ìwé ìdìbò, ìjọba fòfin de ìwọ́de àwọn alátakò, Alassane Ouattara sì wọlé fún ìgbà kẹrin. Kò sí ẹni tó lè sọ pé ọba N'Zima ni kó tún òṣèlú orílẹ̀-èdè ṣe. Ọ̀rọ̀ àdúgbò ni Abissa wà fún. Ṣùgbọ́n ní oṣù kan náà tí ọ̀rọ̀ ẹnu fi lè gbé èèyàn dé àgọ́ ọlọ́pàá ní Abidjan, 40 kìlómítà sí ibẹ̀, ọba kan á jókòó lábẹ́ agboòrùn rẹ̀, á sì máa gbọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ lọ, ìdílé ọba ló ń kéde ọjọ́ rẹ̀, kì í sì í bọ́ sí ọjọ́ kan náà lọ́dọọdún. Ìta gbangba ni wọ́n ti ń ṣe é, ní gbàgede tí wọ́n ń pè ní Place de l'Abissa ní Quartier France. Bí ẹnì kan bá na ẹfun sí yín, ẹ jẹ́ kó kùn yín lójú. Ẹ fi fóònù sápò nígbà tí orin bá ti ń dárúkọ èèyàn. Bí ẹ bá sì rí i pé gbogbo agbo ti kọjú sí yín, tí wọ́n ń tọ́ka, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí Anago tó wá láti Treichville, ẹ jó.