Owó Ẹnu Ọ̀nà Igbó Ọba

Owó tí a ń gbà lẹ́nu ọ̀nà igbó ọba, níbi tí a dá àwọn ẹranko sí, ni wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹlòmíràn lè máa wí nínú ara rẹ̀ pé, kí ló kan ará Ìkọ̀tún tàbí ará Ìgándò nínú èyí? Ó kàn án.

Ìlà-oòrùn Áfíríkà ni owó náà ti ga tí ó pọ̀ jù. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, Rùwáńdà sọ owó ìwé àṣẹ tí àlejò fi ń wo ìnàkí ńlá tí à ń pè ní gorílà di 1,500 dọ́là láti orí 750. Ní 2024, Kẹ́ńyà bẹ̀rẹ̀ sí gba 200 dọ́là lójúmọ́ lọ́wọ́ àlejò tó bá fẹ́ wọ igbó Masai Mara láàárín oṣù keje sí oṣù kejìlá. Ọmọ Nàìjíríà tó bá débẹ̀, àlejò ni òun náà. Iye tí ará Amẹ́ríkà ń san ni yóò san. Kí oṣù kẹfà 2023 tó dé, nǹkan bí 92,000 náírà ni 200 dọ́là ní bánkì. Nígbà tí yóò fi di àárín 2024, ó ti tó nǹkan bí 300,000. Bẹ́ẹ̀ sì ni owó-oṣù tó kéré jù lọ tí òfin wa fọwọ́ sí lọ́dún náà kò ju 70,000 lọ.

Èmi kò bá wọn wí. Rùwáńdà ń yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá owó náà fún àwọn ìletò tó yí igbó wọn ká, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Àgbẹ̀ tí ẹfọ̀n jẹ oko rẹ̀ tí kò rí nǹkan kan gbà, ta ni yóò ní kó má dẹ pàkúté?

Tiwa ńkọ́? Ní 1991 ni òfin sọ igbó Ọ̀yọ́-Ilé di igbó ìjọba àpapọ̀, ó sì fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà onígun mẹ́rin. Ẹranko nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀. Inú rẹ̀ ni ahoro ìlú àwọn Aláàfin wà, ìlú tó tú kí Àtìbà tó tẹ Ọ̀yọ́ tòní dó. Ẹ̀kọ́ ìtàn tí à ń kọ́ ọmọ ní Ẹ̀gbẹ́dá, àwókù odi rẹ̀ ń bẹ nínú igbó yẹn. Ọmọ Yorùbá tó fẹ́ lọ wo odi ìlú àwọn baba ńlá rẹ̀, ṣé arìnrìn-àjò afẹ́ ni a ó pè é? Èmi kò rò bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ ṣá o, owó ẹnu ọ̀nà kọ́ ni ìṣòro tó tóbi jù. Kí ọkọ̀ tó ti Ìkọ̀tún dé Ìgbẹ́tì, epo ti mu owó tán. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún 2023, owó ọkọ̀ ló ń dá irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ dúró. Mo mọ olùkọ́ tó gba owó lọ́wọ́ àwọn òbí, tó sì tún dá a padà fún wọn.

Ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀. Kí àlejò láti òkè òkun máa san iye tó bá yẹ. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tó bá mú ìwé ọ̀gá ilé-ìwé rẹ̀ lọ́wọ́, kó wọlé lọ́fẹ̀ẹ́, kí náírà tí ìbá san lẹ́nu ọ̀nà lè bọ́ sínú owó epo ọkọ̀.