Àfonífojì Òdòdó: Ìtọ́jú Ohun Rere Kì í Ṣe Iṣẹ́ Ọjọ́ Kan

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi dá lé lórí lónìí jìnnà sí wa, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò jìnnà.

Ní ìpínlẹ̀ Uttarakhand, ní àríwá ilẹ̀ Íńdíà, àfonífojì kan wà láàárín àwọn òkè Himalaya tí wọ́n ń pè ní Àfonífojì Òdòdó. Ó ga ju 3,000 mítà lọ. Yìnyín ńlá ló gbẹ́ ẹ láyé àtijọ́, omi yìnyín tó ń yọ́ lórí òkè ló sì ń bọ́ odò Pushpawati tó ń ṣàn gba inú rẹ̀ kọjá.

Ní ọdún 1931, Frank Smythe, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ láti orí òkè Kamet nígbà tí ẹsẹ̀ ṣèèṣì gbé wọn dé ibẹ̀. Ìwé tí Smythe kọ ló sọ ibẹ̀ di olókìkí. Ṣùgbọ́n àwọn darandaran àdúgbò ti mọ ọ̀nà ibẹ̀ ṣáájú wọn.

Báwo ni òdòdó ṣe ń yè níbi òtútù bẹ́ẹ̀? Fún ọ̀pọ̀ oṣù, abẹ́ yìnyín ni gbòǹgbò wọn ń sùn sí. Yìnyín náà gan-an ló dà bí aṣọ ìbora, tí kò jẹ́ kí òtútù tó le jù lọ dé ọ̀dọ̀ wọn. Bí ó bá ti yọ́, gbogbo wọn a yára hù. Ní oṣù keje àti ìkẹjọ, ilẹ̀ a kún fún àwọ̀ oríṣiríṣi. Èyí tí wọ́n ń pè ní Brahma Kamal ní ewé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó yí òdòdó rẹ̀ ká, tó ń gbà á lọ́wọ́ atẹ́gùn àti òtútù. Ẹ wo bí Ẹlẹ́dàá ti pèsè fún olúkúlùkù!

Ní ọdún 1982, ìjọba sọ ibẹ̀ di ọgbà ìpamọ́. Wọ́n ní kí àgùntàn àti ewúrẹ́ má ṣe jẹko níbẹ̀ mọ́. Ǹjẹ́ wàhálà ti tán? Rárá o. Ewéko gíga kan, Polygonum polystachyum, bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀, ó ń ṣíji bo àwọn òdòdó kékeré. Àwọn onímọ̀ jiyàn lórí rẹ̀: àwọn kan ní ẹran tó ń jẹko tẹ́lẹ̀ ni kò jẹ́ kí ó gbilẹ̀, àwọn mìíràn ní ilẹ̀ tí ẹran ti tẹ̀ bàjẹ́ àti ibi tí ilẹ̀ ti ya ló fẹ́ràn láti máa hù. Bí wọ́n ti ń jiyàn, àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà ń wọlé lọ́dọọdún láti fà á tu. Ní 2005, àjọ UNESCO ka àfonífojì náà mọ́ ogún gbogbo ayé. Síbẹ̀, orúkọ ńlá yẹn kò fa koríko kan tu.

Ẹ̀yin ará mi, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ nìyí. Títi ilẹ̀kùn mọ́ ohun burúkú kò tíì tó. Ẹni tó bá lé ẹran kúrò lóko gbọ́dọ̀ padà wá wo ohun tó hù lẹ́yìn wọn. Òfin dára, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń padà síbi iṣẹ́ lọ́dọọdún ni kì í jẹ́ kí òdòdó pa run.